Ọ̀rọ̀ Ẹ̀yìn fún Ìwé Ààfáà

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, mo sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń fi àròsọ jẹun bíi tèmi, bó bá ní òjò ń rọ̀, àwọn ará ilé rẹ̀ á kọ́kọ́ na ọwọ́ síta wò ó. Ẹ na ọwọ́ tiyín náà síta, kò burú. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé àmì ohùn kan ṣoṣo, èyí tí kò tó ẹsẹ̀ èèrà, ló dúró láàárín bàbá kan àti ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Kùmásí yìí, èmi gan-an ni mo sì gbé e dúró síbẹ̀.

Mo máa ń kọ ìwé tèmi, mo sì máa ń kọ ọ̀rọ̀ sẹ́yìn ìwé àwọn ẹlòmíì. Ẹ mọ ohun tí mò ń wí: ọ̀rọ̀ ṣókí tó máa ń wà lẹ́yìn ìwé ìtàn, èyí tí èèyàn ń kà lórí ìdúró kó tó pinnu bóyá òun á ṣí ìwé náà tàbí òun á dá a padà sórí tábìlì. Àwa tí à ń kọ Yorùbá nílùú yìí kò pọ̀. Bí wọ́n bá kó gbogbo wa sínú ọkọ̀ tró-tró kan, mélòó kan nínú àga ibẹ̀ á ṣófo, a ó sì máa bá ara wa jà dé ibi tí à ń lọ. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé ẹ̀yìn ìwé wọn wá. Mo ti kọ ti olùkọ́ kan tó kọ ìtàn ìfẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ràn ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Mo ti kọ ti pásítọ̀ kan tó ní dandan ni kí n sọ pé ìwé òun ń wo àìsàn sàn. Mo ní, "Pásítọ̀, bí ẹni tó rà á bá wá kú ńkọ́?" Ó ronú díẹ̀, ó ní kí n fi "ó lè" sí i.

Ohun tí mo kọ́ nínú iṣẹ́ náà kò ju mélòó kan lọ. Má yin ìwé: ẹlẹ́kọ tó ń pariwo pé ẹ̀kọ òun dùn, òun náà ló ń jẹ ẹ́ nírọ̀lẹ́. Gbé èèyàn kan síwájú òǹkàwé, ti èèyàn náà sínú wàhálà, kí o sì yẹra. Má sọ bó ṣe parí. Kí ọ̀rọ̀ náà kúrú débi pé obìnrin tó pọn ọmọ á kà á tán kí ọmọ tó ké.

Lọ́dún tó kọjá, Ààfáà tó kọ́ mi ní kéwú nígbà èwe mi ránṣẹ́ pè mí sí àdúgbò Alabar. Ará Ìlọrin ni wọ́n, bíi ti àwọn òbí mi, wọ́n sì ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Mo bá wọn ní ọ̀ọ̀dẹ̀, wọ́n jókòó, ẹsẹ̀ wọn méjèèjì wú débi pé bàtà kankan kò gbà wọ́n mọ́. Kíndìnrín wọn ló ń dáwọ́ iṣẹ́ dúró.

"Dókítà ní kí n má wulẹ̀ ra kàlẹ́ńdà tuntun," ni wọ́n fi kí mi káàbọ̀.

Mo ní, "Ààfáà, ẹ ò ra kàlẹ́ńdà rí. Ti àwọn báńkì lẹ máa ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n jókòó. Wọ́n ti kọ ìwé ìtàn kan, ẹyọ kan ṣoṣo, láti nǹkan bí ogún ọdún, sínú ìwé àwọn ọmọléèwé. Ẹnì kan ti bá wọn tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà, gbogbo rẹ̀ sì ti wà lọ́dọ̀ atẹ̀wé ní Fante New Town. Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ló ṣófo.

"Kí ni wọ́n ń pè é, èyí tí o máa ń kọ yẹn?"

"Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ni, Ààfáà."

"Gíbà nìyẹn. Mo kọ́ ọ pé ká má sọ̀rọ̀ èèyàn lẹ́yìn, o lọ sọ ọ́ di iṣẹ́."

"Ìwé ni mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn, Ààfáà. Ìwé kì í gbọ́."

"Ẹni tó kọ ọ́ ń gbọ́."

Wọ́n fa bébà kan yọ lábẹ́ tìmùtìmù, wọ́n ka ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn tí àwọn fúnra wọn kọ. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ Ọlọ́run, ó kọjá sórí bàbá wọn àti bàbá bàbá wọn, ó wá dé ìdí ọ̀rọ̀: ẹ ó rí bí ìjọba ṣe lé bàbá kan kúrò nílẹ̀ àlejò, bó ṣe fi ọmọ rẹ̀ sọ́wọ́ obìnrin rere kan, bó ṣe padà dé lẹ́yìn ọdún púpọ̀, bí ọmọ náà ṣe dárí jì í, tí bàbá àti ọmọ sì jọ fọwọ́ kan àwo oúnjẹ kan.

"Ẹ ti sọ òpin rẹ̀ tán," ni mo wí.

"Kí ló burú níbẹ̀? Ìdáríjì kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi pamọ́."

Ẹnu mi kì í sinmi, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Ta ló tiẹ̀ sọ fún yín pé ó dárí jì yín?"

Eré ni mo fẹ́ ṣe. Ààfáà ká bébà náà, wọ́n tún un ká, ó di kékeré lọ́wọ́ wọn.

"Nítorí ẹ̀ ni mo ṣe pè ọ́," wọ́n wí.

Kò sẹ́ni tí kò mọ ìtàn náà ní Alabar. Nígbà tí ìjọba lé àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú, tí wọ́n fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì péré, ìyàwó Ààfáà ti kú, ó fi ọmọbìnrin ọlọ́dún márùn-ún sílẹ̀. Èmi kò tíì dáyé nígbà náà. Ìlọrin ni wọ́n bí mi sí, nílé àwọn tí wọ́n lé padà, mo sì ti tó ọmọ ọdún méje kí àwọn òbí mi tó tún kó wa wá. Ààfáà gbé ọmọ náà fún obìnrin Àṣántè kan tí ó jẹ́ aládùúgbò wọn ní Fante New Town, wọ́n ní àwọn ń bọ̀ láìpẹ́. Ọdún mọ́kànlá kọjá kí wọ́n tó dé. Ìyẹn kọ́ ló sì burú jù. Èyí tó burú jù ni pé nígbà tí wọ́n dé, pẹ̀lú ìyàwó tuntun àti ọmọ mẹ́ta, Alabar ni wọ́n wà fún ọdún mẹ́rin gbáko, tí wọn kò rin ìrìn ogún ìṣẹ́jú lọ sí Fante New Town. Ìtìjú ni, ìyàwó tuntun ni, kí ni mo mọ̀? Ọjọ́ tí wọ́n lọ, ọmọ náà ti tó ogún ọdún. Ó fi Twi, èdè àwọn Àṣántè, kí wọn, ó gbé omi fún wọn, ó sì ní kí wọ́n má padà wá mọ́.

"Ẹnì kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kó ka ẹ̀yìn ìwé yìí," ni Ààfáà wí. "Bó bá kà á, á ṣí i. Bó bá ṣí i, á kà á dé òpin. Bó bá dé òpin, á wá. Mo fẹ́ rí i kí wọ́n tó gbé mi lọ. Ìwọ ló mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ mú èèyàn ṣílẹ̀kùn. Mú un ṣí i fún mi."

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣe é. Mo kọ, mo pa á rẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, bí mo ṣe ń jẹ wáákyé, ìrẹsì òun ẹ̀wà, lójú títì, ó já lù mí: *Bàbá kan kọ ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Ta ni yóò kà á?*

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ da àwo nù. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Bàbá kan jókòó, ó fi gègé kọ ìtàn ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ sínú ìwé. Bàbá kan jáde lọ, ó kọ ọmọ rẹ̀ sílẹ̀, kò bojú wẹ̀yìn. Gbólóhùn kan náà ni. "Kọ̀" ti ẹni tó jáde lọ yẹn ní ohùn ìsàlẹ̀ bó bá dá wà, ṣùgbọ́n bí "ọmọ rẹ̀" bá ti tẹ̀ lé e, ohùn náà á dìde, méjèèjì á di ọ̀kan lẹ́nu àti lójú bébà. Èdè wa fúnra rẹ̀ ló bo bàbá náà láṣírí, bí aṣọ tó gba èèyàn méjì.

Nígbà tí mo kà á fún Ààfáà, wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn. "Bàbá kan kọ ọmọ rẹ̀ sílẹ̀," wọ́n ń tún un wí. "Háà. Bẹ́ẹ̀ ni. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ogún ọdún ni mo fi kọ ọ́ sílẹ̀." Ìtumọ̀ kan ni wọ́n mú. Mo rí i pé wọ́n rí ìkejì, wọ́n sì rọra gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Èmi náà kò tọ́ka sí i. Iṣẹ́ mi ń dùn mọ́ mi nínú.

Atẹ̀wé bá mi tẹ èèpo ìwé náà jáde lẹ́yọ kan, kí a fi wò ó, mo sì mú un lọ sí ọjà Race Course, níbi tí ọmọ Ààfáà ti ń ta aṣọ. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún báyìí. Gbogbo wa mọ̀ ọ́n, a sì máa ń kí i, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń dárúkọ bàbá rẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Teacher," ó wí, bó ṣe máa ń pe èmi tí mò ń kọ̀wé, "ṣé aṣọ lo fẹ́ rà àbí ìtàn lo fẹ́ pa? Bó bá jẹ́ ìtàn, má dínà fún àwọn oníbàárà mi."

"Ìtàn ni, Àǹtí, ṣùgbọ́n kò gùn. Ẹ gbà."

Ó na èèpo ìwé náà síwájú, ó tún fà á mọ́ra. Ó ń sọ Yorùbá wa, ó ń fi Twi là á, ṣùgbọ́n kò kọ́ ọ ní kíkà. Ó pe ọmọbìnrin kan tó ń ta ike fóònù nítòsí rẹ̀, ọmọ Òṣogbo tí kò tíì ju ọdún méjì lọ ní Kùmásí.

"Wá bá mi ka nǹkan yìí."

Ọmọ náà kà á sókè. "Bàbá kan kọ ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Ta ni yóò kà á?" Ó ṣépè díẹ̀ fún bàbá náà. "Mọ̀mí, ìwé ta nìyí? Irú bàbá wo nìyẹn?"

Èmi ni mo sáré wọ inú ọ̀rọ̀. Mo ní ọ̀tọ̀ ni bí ọmọ náà ṣe túmọ̀ rẹ̀, mo ní ó tún lè jẹ́ pé bàbá náà fi gègé kọ ọ́ sínú ìwé. Mo ṣàlàyé ohùn tó ń dìde. Mo fọwọ́ ṣàpẹẹrẹ. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pàtẹ́wọ́ fún ara mi.

"Èyí tó fi gègé kọ àti èyí tó kọ̀," ó wí, "ọ̀rọ̀ kan náà ni?"

"Nínú gbólóhùn yìí, ọ̀kan náà ni, Àǹtí. Adùn rẹ̀ nìyẹn."

"Ó gbọ́n. Ẹ gbọ́n, ẹ̀yin ará Alabar." Ó tẹ́ èèpo ìwé náà sórí aṣọ tó ká síwájú rẹ̀. "Ta ni ọmọ inú rẹ̀?"

Mo fọwọ́ kan ọ̀kan nínú àwọn aṣọ náà bí ẹni fẹ́ rà á.

"Èmi ni. Ó dáa. Mú 'ọmọ rẹ̀' kúrò, kí o fi èmi síbẹ̀. Sọ ọ́ kí n gbọ́."

Ẹ gbìyànjú rẹ̀ fúnra yín, ẹ ó rí ohun tí ojú mi rí. Bí a bá ti fi "mí" síbẹ̀, aṣọ tó gba èèyàn méjì yẹn ya sí méjì. *Ó kọ mí sílẹ̀.* *Ó kọ̀ mí sílẹ̀.* Èèyàn ò lè sọ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ jáde lẹ́nu.

Mo sọ méjèèjì, ọ̀kan tẹ̀ lé ìkejì, ohùn mi ti lọ sílẹ̀.

"Èwo ni?" ó bi mí.

"Àǹtí..."

"Mi ò bi ẹ́. Lọ bi í. Ìjọba lé e, mo mọ̀. Ìjọba fún un lọ́sẹ̀ méjì. Ìjọba wo ló wá fún un lọ́dún mẹ́rin ní Alabar? Mò ń gba ọjà Kejetia kọjá lójoojúmọ́ nígbà yẹn, mò ń ru ẹrù lórí. Ó rí mi rí. Ó rí mi, Teacher, ó sì yà sí kọ̀rọ̀ kan." Ó sọ̀rọ̀ yìí láìpariwo, ó tiẹ̀ ń dá oníbàárà kan lóhùn lórí iye aṣọ láàárín rẹ̀. "Bó bá lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìkejì yẹn, kó kàn sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, láìfi ìjọba kún un, màá wá lọ́jọ́ náà. Bí kò bá lè sọ ọ́, ẹ máa ta ìwé yín."

Ó kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan èèpo ìwé náà, ó dá a padà fún mi.

Mo padà sí Alabar. Ààfáà ti kírun àyìlá, ìrun ọ̀sán, tán lórí ìjókòó. Mo fẹ́ bu iyọ̀ díẹ̀ sí ọ̀rọ̀ náà bí mo ṣe máa ń ṣe, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kò wá. Mo jíṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe rán mi.

"Ìjọba ló lé wa," ni Ààfáà kọ́kọ́ wí.

"Ó ní kí ẹ má fi ìjọba kún un."

"Ṣé o sọ fún un pé ẹsẹ̀ mi..."

"Mi ò sọ fún un. Kò bèèrè ẹsẹ̀ yín."

Wọ́n wo ẹsẹ̀ wọn méjèèjì. Lẹ́yìn náà wọ́n bi mí bóyá mo rántí pàṣán. Ta ló lè gbàgbé pàṣán Ààfáà? Bí a bá ń ka Kùránì, tí ẹnikẹ́ni nínú wa gbé ohùn kan sókè níbi tó yẹ kó wálẹ̀, pàṣán á ti dé orí itan. Wọ́n á ní, "O ti yí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run padà. O rò pé ó kéré?" Èyí tó kéré jù ni wọ́n máa ń nà wá fún jù.

"Mo nà yín púpọ̀," wọ́n wí. "Fún mi ní báírò."

Wọ́n yí èèpo ìwé náà sí inú rẹ̀ tó funfun. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni wọ́n kọ, ó sì gba àkókò púpọ̀: *Mo kọ̀ ọ́ sílẹ̀.* Nígbà tí wọ́n dé orí àmì ohùn ìsàlẹ̀ yẹn, wọ́n tẹ báírò mọ́lẹ̀, wọ́n sì fà á débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lu bébà já. Lẹ́yìn náà wọ́n kà á sókè, ohùn wọn sì wálẹ̀ níbi tó yẹ kó wálẹ̀.

"Mú un lọ," wọ́n wí. "Sọ fún un pé mo sọ ọ́."

Ibí ni ẹ ó ti bínú sí mi, kí ẹ bínú. Nọ́ńbà rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Fóònù mi wà lápò. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin kì í gbà ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé ni mí, àìsàn wa sì nìyẹn: mo rí i pé ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ìwé gan-an nìyí, èyí tó dáa jù tí mo ti rí rí. Mo fẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ gàdàgbà sẹ́yìn èèpo dúdú. Mo fẹ́ gbé e síwájú obìnrin náà tó ti di ìwé, kí n sì dúró níbẹ̀, kí n rí ojú rẹ̀ bó ṣe ń gbọ́ ọ. Ojú yẹn ni mo ń lé. Mo lọ bá atẹ̀wé ní Fante New Town. Wọ́n ti mú iná lọ. A jókòó, a ń retí iná, à ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Nígbà tí iná dé, atẹ̀wé ní ọjọ́ ti lọ, kí n wá gbà á láàárọ̀. Mo ní kò burú, ọ̀la kò jìnnà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gba èèpo ìwé tuntun náà, ó rẹwà, mo sì rìn lọ sí Race Course. Àwọn aṣọ kò sí níta. Pátákó ló wà lójú ṣọ́ọ̀bù Àǹtí. Ọmọ tó ń ta ike fóònù ló rí mi.

"Wọ́n ti pè é láti Alabar ní àfẹ̀mọ́júmọ́," ó wí. "Wọ́n ní bàbá rẹ̀ ti kú. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó ní bàbá."

Mo bá a ní ẹnu ọ̀nà ilé Ààfáà. Àwọn obìnrin ti jókòó nínú ilé, àwọn ọkùnrin wà níta, wọ́n ń múra láti sin òkú kí àyìlá tó tó. Òun nìkan ló wà lórí ìdúró láàárín méjèèjì, ó wọ aṣọ dúdú bí ará Kùmásí, láàárín àwọn tó wọ funfun. Kò kí mi.

"Èwo ni wọ́n mú nínú méjèèjì?" ó bi mí.

Èèpo ìwé tuntun wà lábẹ́ apá mi, n kò lè gbé e jáde. Èyí tí Ààfáà fi ọwọ́ kọ ni mo fà yọ lápò. Ó wò ó pẹ́. Ó kà á fúnra rẹ̀, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, bí ọmọ ilé kéwú, ó sì fi ìka tọ àmì gígùn yẹn láti òkè wá sísàlẹ̀. Ó kà á bí ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ kò ṣì.

"Ìgbà wo ni wọ́n kọ ọ́?"

"Lánàá."

"Lánàá nígbà wo?"

"Lẹ́yìn àyìlá."

Ó gbójú sókè. "Teacher, mo fún ẹ ní nọ́ńbà mi."

Mo la ẹnu. Mo ti fi ẹnu yìí yọ ara mi nínú oríṣiríṣi nǹkan. Mo ní, "Àǹtí, mo fẹ́ kí ó dára ni."

Àwọn tó ń gbé omi ìwẹ̀ òkú ti dé ẹ̀yìn mi, a sì ti dí ẹnu ọ̀nà mọ́ wọn. Ó fa ọwọ́ aṣọ mi kúrò lójú ọ̀nà, pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń fa ọmọdé, ó ní, "Jẹ́ kí wọ́n kọjá." Ó tẹ̀ lé omi náà wọlé, bébà náà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.